Ìbọn kan, òfin méjì: ohun tó yẹ kí ará Kétu mọ̀ nípa kòtẹ́milọ́rùn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní Kétu àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe ohun àjèjì. Ọdẹ ní i. Àwọn mìíràn jogún ti bàbá wọn, ó wà nínú yàrá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ Ògún. Tí ọdẹ bá kú, wọ́n á yìn ín. Àgbẹ̀ tí ẹranko ń jẹ àgbàdo rẹ̀ náà lè yá ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Tí ọdẹ bá wá gba ọ̀nà Ìlárá lọ́wọ́ òru, tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà kó tó mọ̀. Igbó kò yí padà, èdè kò yí padà, ìbọn tó wà léjìká rẹ̀ náà kò yí padà. Òfin nìkan ló yí padà.

Àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fẹnu kò lórí ààlà yẹn ní 1889. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí, ẹni tí Police républicaine bá mú lápá ibí pẹ̀lú ìbọn tí kò ní ìwé àṣẹ, tribunal Pòbẹ́ ni ẹjọ́ rẹ̀ máa ń lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú lápá ọ̀hún, kóòtù Nàìjíríà ló ni ín. Ìyà tó ń dúró de àwọn méjèèjì kò dọ́gba rárá.

A kò kọ èyí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó tọ́jú ìbọn láìgba ìwé. Ẹ gba ìwé o! Àdéhùn CEDEAO tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2006 ti ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè wa máa fi ìwé àṣẹ ṣọ́ ìbọn kéékèèké tó wà lọ́wọ́ ará ìlú. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, tí adájọ́ ti sọ iye ọdún, tí ẹbí sì dúró ní ìta kóòtù tí wọn ò mọ ohun tó kàn.

Ìbéèrè méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Tí wọ́n bá mú èèyàn nítorí ìbọn, ohun tí ẹbí máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: "Ṣé wọ́n bá a lọ́wọ́ rẹ̀ àbí wọn ò bá a?" Tí wọ́n bá ti bá a lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ní ó ti parí nìyẹn, kò sí ohun tí a tún fẹ́ sọ. Àṣìṣe ńlá ni.

Ìbéèrè méjì ló wà níwájú adájọ́. Èkíní: ṣé ó jẹ̀bi? Èkejì: ìyà mélòó ló tọ́ sí i? Nínú ẹjọ́ ìbọn, èkejì yìí ló sábà máa ń wúwo jù, nítorí pé òfin máa ń gbé ẹrù lé ẹrù. Ìyà kan wà fún ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá jẹ́ pé olè jíjà ni, tí ìbọn sì wà níbẹ̀, ìyà á lé sí i. Tó bá jẹ́ òru, á lé sí i. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, á lé sí i. Tí ẹni náà bá ti jẹ̀bi rí, á tún lé sí i. Circonstances aggravantes ni àwọn adájọ́ wa ń pè é. Ti ẹni tó ti jẹ̀bi rí, récidive ni wọ́n ń pè é. Àwa ẹ jẹ́ ká máa pè é ní àlékún ìyà.

Àlékún kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹni tó gbé àgbàdo lọ sọ́jà lè gbà pé tòun ni àpò náà, kó sì tún sọ pé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n kò péye. Bákan náà ni èèyàn lè gbà pé òótọ́ ni, ìbọn wà lọ́wọ́ òun, kó sì lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láti sọ pé ìyà tí wọ́n fi kún un kò tọ́. Kíkọ àlékún ìyà kì í ṣe kíkọ ẹ̀bi.

Ẹjọ́ kan láti Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn nígbà náà, ẹni tó ti jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá rí, tí wọ́n tún wá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè ṣẹ̀wọ̀n ju ọdún 10 lọ. Ṣùgbọ́n òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1984 ní tó bá ti jẹ̀bi ìwà ipá tàbí ọ̀rọ̀ oògùn olóró ńlá lẹ́ẹ̀mẹta rí, ó kéré tán, ọdún 15 ni. Wọ́n lo òfin yìí fún ọkùnrin kan. Ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ìbọn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú wà lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n ní ìwà ipá nìyẹn. Ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2015, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Johnson, àwọn adájọ́ àgbà náà sọ pé gbólóhùn tí wọ́n fi kà á sí ìwà ipá kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa, èèyàn ò sì lè fi òfin tí kò yéni fi kún ọdún ẹ̀wọ̀n ẹnikẹ́ni. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní ìdájọ́ náà kan àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí: ìwúwo ìyà ni wọ́n jà lé lórí, wọ́n sì borí.

Apá ọ̀hún ààlà

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká wo ohun tó ń dúró de ẹni tí wọ́n bá mú ní apá Ìmẹ̀kọ. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n kà léèwọ̀ fún ará ìlú, irú èyí tí sójà ń lò. Èkejì ni ìbọn tí èèyàn lè gba ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù bọ̀ ọ́, ìyẹn ṣakabùlà wa. Àṣẹ tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Nítorí náà, irú ìbọn tí wọ́n bá lọ́wọ́ èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀sùn lọ́nà tí kò tọ́, ohun tí wọ́n lè gbé lọ sí kòtẹ́milọ́rùn nìyẹn.

Òfin mìíràn tún wà, èyí tó ti ìgbà ìjọba ológun ní 1984 wá, tó wà lórí olè jíjà àti ìbọn. Òfin yìí ní ẹni tó bá ní ìbọn lọ́nà tí kò bá òfin mu, yóò san ìtanràn náírà 20,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ẹ wo bí ibi tó bẹ̀rẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tó parí sí! Ẹlòmíràn á sanwó kó máa lọ sílé. Ẹlòmíràn á kúrò nílé nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìjókòó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó tó padà dé ọmọ náà ti ń fẹ́yàwó. Adájọ́ ló ń yàn. Tí yíyàn rẹ̀ kò bá ní ìdí tó múná dóko, ó yẹ kí wọ́n béèrè ìdí náà lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ tó ga ju tirẹ̀ lọ.

Ti olè jíjà ló le jù. Òfin kan náà ní ẹni tó bá fi ipá jalè, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Ṣùgbọ́n tí ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ lọ, ikú ni. Ohun ìjà yẹn lè jẹ́ ohun tó dúró láàárín ọdún 21 àti okùn. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà, nínú ẹjọ́ Bozin ní 1985, fi ní ohun mẹ́ta ni ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn: pé wọ́n jalè lóòótọ́, pé ohun ìjà wà níbẹ̀, àti pé ẹni tó wà níwájú kóòtù wà lára wọn. Tí ẹ̀rí ohun ìjà bá já, tí méjì yòókù dúró, ẹ̀bi olè ṣì wà lọ́rùn ẹni náà, ṣùgbọ́n ìdájọ́ ikú kò lè dúró mọ́.

Nígbà tí kò sí ibi tí wọ́n lè tún ẹjọ́ gbọ́

Gbogbo ohun tí a sọ yìí kò wúlò tí kò bá sí ilé ẹjọ́ kejì. Nàìjíríà ti rí irú rẹ̀ rí. Lábẹ́ òfin ológun ti 1984, kì í ṣe kóòtù tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ adigunjalè. Èèyàn mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe ìgbìmọ̀ náà: adájọ́ kan, ọ̀gá sójà kan àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan. Òfin náà sọ ọ́ gbangba pé kò sí kòtẹ́milọ́rùn. Ohun tó kù ni pé kí gómìnà, tó jẹ́ sójà nígbà náà, fọwọ́ sí ìdájọ́ ikú tàbí kó má fọwọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà, Constitutional Rights Project, gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún báyìí lọ síwájú Ìgbìmọ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tó wà ní Banjul. Nọ́ńbà 60/91 ni ẹjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ náà kò sọ pé olè dára. Ohun tó sọ ni pé fífọwọ́ sí tí gómìnà ń fọwọ́ sí i kì í ṣe kòtẹ́milọ́rùn, nítorí pé gómìnà kì í ṣe adájọ́, ohun tó bá wù ú ló lè ṣe. Ó ní Nàìjíríà ti rú àdéhùn Áfíríkà tó fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́, ó sì ní kí wọ́n dá àwọn èèyàn náà sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1999, ẹjọ́ adigunjalè ti padà sí High Court. Òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ Nàìjíríà sì ní ẹni tí wọ́n bá dájọ́ ikú fún ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 90 ni òfin wọn fún ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ ọ̀daràn lọ sí Court of Appeal.

Ṣé ó wá tán síbẹ̀? Rárá. Ọ̀pọ̀ yín gbọ́ ìròyìn ọ̀dọ́mọkùnrin Ọ̀ṣun tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní oṣù kejìlá 2014, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹjọ́ adìyẹ àti ẹyin. Ní 2010 ni wọ́n mú un. Àwọn òbí rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Adìyẹ àti ẹyin kọ́ ló gbé e dé ìdí okùn. Ohun tó gbé e dé ibẹ̀ ni pé ẹ̀sùn náà ní ìbọn wà níbẹ̀. Ní òpin 2024, Gómìnà Ademola Adeleke dárí jì í. Inú gbogbo wa dùn, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ìgbìmọ̀ Banjul sọ. Àánú gómìnà dára, ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ó lè dé lẹ́yìn ọdún 10, ó sì lè má dé rárá. Àánú kì í sì í sọ bóyá adájọ́ ṣe àṣìṣe. Ilé ẹjọ́ kejì nìkan ló lè sọ ìyẹn.

Níbí ní Bẹ̀nẹ̀ ńkọ́?

Níbí, ọpẹ́ ni pé ikú ti kúrò lórí tábìlì. Cour constitutionnelle sọ ní oṣù kìíní 2016 pé wọn ò lè dájọ́ ikú fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2018, wọ́n yí ìdájọ́ àwọn èèyàn 14 tó ṣì ń dúró de ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Code pénal tuntun tó jáde ní oṣù kejìlá 2018 kò sì ní ìdájọ́ ikú nínú mọ́. Àmọ́ ìbọn ṣì jẹ́ àlékún ìyà, ẹ̀wọ̀n ọdún gígùn sì wà.

Ẹ̀kọ́ nípa ilé ẹjọ́ kejì, àwa náà kọ́ ọ, kò sì tíì pẹ́. Ní 2018 ni wọ́n dá CRIET sílẹ̀ fún ẹjọ́ owó àti ẹjọ́ ìpániláyà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tí CRIET bá dá lẹ́bi kò ní ibi tí wọ́n ti lè tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ látòkè délẹ̀. Cassation nìkan ló wà, èyí tó ń wò bóyá wọ́n tẹ̀ lé òfin, tí kì í tún ọ̀rọ̀ gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 20 fún oníṣòwò ńlá náà, Sébastien Ajavon, lórí ọ̀rọ̀ kokéènì, nígbà tí ilé ẹjọ́ Kùtọnu ti fi í sílẹ̀ ní 2016 nítorí iyèméjì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Kóòtù Áfíríkà ní Arusha. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2019, lára ohun tí Kóòtù náà dá Bẹ̀nẹ̀ lẹ́bi fún ni pé kò sí ilé ẹjọ́ kejì. Ní 2020, wọ́n tún òfin CRIET ṣe, wọ́n sì fi ẹ̀ka kòtẹ́milọ́rùn sí i.

Ẹjọ́ yẹn kì í ṣe ti ìbọn, kì í sì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó ṣí nígbà yẹn, mẹ̀kúnnù náà lè gbà á kọjá. Ọ̀rọ̀ kan tún wà: ní oṣù kẹta ọdún 2020 kan náà, ìjọba wa yọ ọwọ́ kúrò nínú ohun tó ń jẹ́ kí ará ìlú gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ tààrà sí Arusha. Ilẹ̀kùn ìta ti tì mọ́ wa. Èyí ló jẹ́ kí ilẹ̀kùn inú ilé, ìyẹn Cour d'appel, ṣe pàtàkì jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fún ará Kétu, ọ̀nà náà kò díjú: láti tribunal Pòbẹ́, Cour d'appel ní Kùtọnu ló kàn. Ohun tó díjú ni ọjọ́, owó àti ẹ̀rù.

Ohun tí ẹbí gbọ́dọ̀ ṣe

Ọjọ́ ló ṣáájú. Gbèdéke wà fún kòtẹ́milọ́rùn, ọjọ́ rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í dúró de ìpàdé ẹbí. Ní ọjọ́ tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀, kí ẹ tó wọ mọ́tò padà sí Kétu, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní greffe, ẹ béèrè ọjọ́ tí àyè náà máa parí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n kò nílò kó jáde kó tó pe ẹjọ́. Ó lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kó fà á lé régisseur ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Pípe ẹjọ́ náà kì í ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n lójú ẹsẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé lọ́la lọ́mọ yín máa jáde.

Lẹ́yìn ọjọ́, ẹ̀rù. Àwọn kan á ní: "Tí a bá pe ẹjọ́, wọ́n á fi kún un." Òótọ́ àti irọ́ ló dà pọ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi nìkan ló pe ẹjọ́, Cour d'appel kò lè fi kún ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n procureur náà ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ tirẹ̀, pé ìyà náà kéré. Tó bá pè é, ìyà lè lọ sókè, ó sì lè wá sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ avocat yín bóyá procureur ti pe tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ crime, ẹni tí kò ní owó avocat, kóòtù ló máa yan ọ̀kan fún un.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi avocat náà. Òfin wo gan-an ni wọ́n fi dá a lẹ́bi? Irú ìbọn wo ni wọ́n kọ sínú ìwé, ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ta ló yẹ ìbọn náà wò, ṣé ó ṣì ń yìn? Tí wọ́n bá ní ó ti jẹ̀bi rí, ìwé ìdájọ́ àtijọ́ náà dà, ṣé ìdájọ́ tó ti fìdí múlẹ̀ ni? Tí wọ́n bá ní ìbọn wà níbi olè, ta ló rí i, kí ló sọ? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni náà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, níbo sì ni ìwé ìbí rẹ̀ wà? Ìwé ìbí nìkan lè yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń bínú

A mọ̀ pé àwọn kan máa kà èyí, inú á bí wọn. Adigunjalè ti dá ìyá wọn lọ́nà nígbà tó ń ti ọjà bọ̀. Ọkọ wọn kò padà wálé. Wọ́n á ní: "Kí lẹ wá ń kọ́ olè bí wọ́n ṣe ń bọ́?" Ẹ má bínú. Ìyà ńlá tọ́ sí ẹni tó fi ìbọn gba ohun ọlọ́hun, kòtẹ́milọ́rùn kì í sì í pa á rẹ́. Nígbà tí Cour d'appel bá gbọ́ ẹjọ́ náà dáadáa, tó sì ní ìyà náà tọ́, ìdájọ́ á túbọ̀ lágbára, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ẹni tí kòtẹ́milọ́rùn ń gbà ni ọdẹ tí wọ́n kà mọ́ adigunjalè, ọmọdé tí wọ́n kà mọ́ àgbà, àti ẹni tí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn kún tirẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìgbẹ́jọ́ nìkan kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn bá wí. Ó bá ìwúwo ìyà wí pẹ̀lú. Tí ìbọn tí kò ní ìwé bá ṣì wà nílé yín, ẹ lọ béèrè ní kọmisáríà ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, kó tó di pé wọ́n wá bá a. Tí ẹnìkan nínú yín bá sì ti wà níwájú adájọ́ lónìí, ẹ má ka iye ọdún tí wọ́n sọ nìkan. Ẹ ka ọjọ́ tó kù fún un láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn.